Omi Kì í Ṣubú

Ìwé pélébé kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹnì kan nà án sí mi nínú ọkọ̀ èrò ní Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ kó àwọn èèyàn lọ gbafẹ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ Sátidé. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, inú mi sì ti ń dùn, àfi bí mo ṣe dé ìlà kejì: "Ẹ wá fojú yín rí ìṣubú omi tó rẹwà jù lọ." Mo kà á, mo tún un kà. Ìṣubú omi. Ta ló tì í?

Yorùbá kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pe gbogbo ohun tó bá kúrò lókè bọ̀ wá sílẹ̀. Ènìyàn ló ń ṣubú, ẹran náà a máa ṣubú, torí pé wọ́n ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi dúró tẹ́lẹ̀. Ilé kì í ṣubú, wíwó ló ń wó. Igi náà ń wó. Ọsàn tó pọ́n lórí igi, jíjá ló ń já bọ́. Òjò ń rọ̀, ìrì ń sẹ̀, eyín ọmọdé ń ká, irun ń re, igi ń wọ́wé, owó ń bọ́ lápò èmi àti ìwọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún ìyá mi àgbà pé eyín òun ṣubú, yóò bi í pé ṣé ó ń sáré ni. Àwọn oníwèé ìròyìn ti jẹ́ kí ìjọba náà máa ṣubú, mo sì ti gbà fún wọn, nítorí ìjọba a máa dúró lórí ẹsẹ̀ nígbà mìíràn. Omi ni n kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni.

Torí pé omi ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Èyí tó ń ti inú ilẹ̀ yọ, ńṣe ló ń sun; ibẹ̀ la ti rí ìsun àti orísun. Tó bá ti rójú ọ̀nà, ó di ṣíṣàn. Tí kò bá rí ọ̀nà lọ, ó dá gún síbẹ̀, a sì ń pè é ní adágún. Ti ìkòkò tó sán ń jò. Ti ẹnu ẹ̀rọ tí wọn kò pa dáadáa ń kán, tó, tó, tó, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí tó bá sì dé orí àpáta, tí ilẹ̀ tán níwájú rẹ̀, ńṣe ló ń já. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti gbẹ́rù tó: okùn ń já, ọ̀nà ń já sí ọjà, odò ń já sí òkun. Ẹni tó bá dúró níwájú omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yóò rí i pé omi náà já lókè bí okùn, ó sì tún já síbi tí òun dúró sí.

Orúkọ rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú ilé páànù mọ̀ ọ́n: omi tó ń ti etí òrùlé dà sílẹ̀ nígbà òjò, tí àwọn ìyá wa máa ń to garawa, agbada àti ìkòkò sí lábẹ́, tí àwa ọmọdé sì máa ń yọ́ lọ wẹ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ sọ etí òrùlé di àpáta, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Mo ti gbọ́ ìtàkìtì omi náà lẹ́nu àwọn kan; mi ò lòdì sí i, ó kàn ń jẹ́ kí n máa ro ọmọdé tó ń ta òkìtì nínú iyanrìn ni. Kódà ẹni tó bá sọ pé òun ń lọ wo wọ́ọ̀tafọ́ọ̀lù kò ṣẹ̀ mí. Àlejò tó wọ aṣọ ìlú rẹ̀ wá, a mọ̀ ọ́n ní àlejò. Ìṣubú omi ló ń dáṣọ wa wọ̀, tó ń ṣe bí ọmọ ilé.

Mi ò bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò jẹ́ kí n gbádùn, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé ọkọ̀ tiwa, ó di Ifẹ̀, ó di Iléṣà, a kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́ kí a tó yà. Ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà. Òkè àti igbó ló yí i ká. Ẹni tó bá sì ní ẹsẹ̀ lè gun òkè náà títí yóò fi yọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí í ṣe ilẹ̀ Èkìtì. Olúmirìn ni omi náà ń jẹ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Akinlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì máa ń dá ọdún 1140 fún un. Àlàyé tí mo gbọ́ jù nípa orúkọ náà ni pé olú mìíràn ni, ìyẹn òrìṣà mìíràn, torí ẹ̀rù tó ba àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á máa kọ orúkọ náà láìfi àmì sí i, ká sì retí pé kí ọmọ tí wọ́n bí s'Éèkó mọ ohun tó ń kà, àwàdà ni. Omi mìíràn tó ń já bẹ́ẹ̀ náà wà: Arìnta wà ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà sí Ìkọ̀gọ̀sì. Ayíkúnnugbà wà ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ fi ìṣubú sí.

Ìwé pélébé yẹn ṣì wà lápò mi. Ó tún ní: "A ó jọ gun atẹ́gùn lọ sókè." Áà! Ẹni tó bá lè gun atẹ́gùn, kí ló ń wọ ọkọ̀ ṣe láti Ìbàdàn? Atẹ́gùn ni èyí tó ń fẹ́ sí wa lára. Èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí à ń gùn, àtẹ̀gùn ni. Tẹ̀ àti gùn ló bí i, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohùn òbí rẹ̀ sọ nù. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn ibẹ̀, ó sì pọ̀ débi pé ìyàwó mi kà á títí, ó sọ iye rẹ̀ nù lọ́nà, ó ní òun kò padà lọ kà á.

Níbi tí mo ti dúró mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè olùkọ́ kan tó bi mí ìdí tí a fi ń kọ "gun òkè" tí kì í ṣe "gùn òkè", nígbà tí a ń sọ pé "mo gùn ún". Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà ní nílé rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá wá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà á gòkè di àárín: mo ra iṣu, ṣùgbọ́n mo rà á, mo gun òkè, ṣùgbọ́n mo gùn ún. Ẹnu wa mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ọwọ́ wa ló ń gbàgbé nígbà tó bá mú bírò.

Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, gígùn tán, pípọ́n ló kù. Ẹni tó ń gun òkè ṣì lè kó ọwọ́ sápò. Ẹni tó ń pọ́n òkè kò ní ọwọ́ tó ṣẹ́kù, gbòǹgbò ló fi dì mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà lọ síwájú wa bí ewúrẹ́. "Bàbá, ẹ gba ibí, ẹ má tẹ òkúta yẹn, ó ń yọ̀. Orí àpáta ni kí ẹ tẹ̀." Mo fẹ́ràn bó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Òkúta ni èyí tí o lè gbé tàbí tí o lè yí. Àpáta ni èyí tó fìdí múlẹ̀, tí kò ní lọ síbì kankan nítorí rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ gbogbo rẹ̀ di òkúta. Nígbà tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ugbó" ni mo gbọ́ tó pe igbó, inú mi sì dùn, torí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kò jẹ́ kó kú. Ọmọ wa ní ó ń sọ ọ́ ṣì. Mo ní kó tọrọ àforíjì.

Igbó tí à ń sọ yìí, kì í ṣe igbó lásán. Ẹgàn ni à bá máa pe irú rẹ̀, igbó tí wọn kò fi dáko, tí igi rẹ̀ ga tí oòrùn fi ń yọ́ wọlé. Ọ̀nà náà ń gba àárín òkè méjì. Ibi gbígbòòrò tó wà láàárín òkè ni àfonífojì. Ibi tó ti jìn tí ojú kò tó ìsàlẹ̀ ni ọ̀gbun. Ibi tóóró tí àpáta là sí méjì, tí omi ń gbà kọjá, pàlàpálá àpáta ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti lò ó tipẹ́tipẹ́, wọ́n fi àdàbà sí inú rẹ̀. Nídìí ìpele àkọ́kọ́, ọmọ wa bi wá bóyá omi náà ní ìbú. Ó ní ìbú lóòótọ́, bí i ti yàrá kan sí èkejì. Ibú ló fẹ́ béèrè. Ìbú ni fífẹ̀, ibú ni jíjìn, ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ẹni tó bá sì ṣe àṣìṣe rẹ̀ létí odò lè má rí àyè ṣe àtúnṣe.

Ọ̀nà ìpele kejì ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ pàá, láìfẹ́ jókòó. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn; mo wo ẹ̀yìn lóòótọ́, ìyàwó mi ni mo rí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, tí mi ò mọ̀ rí, ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ẹ rọra o." Ọmọ kékeré kan tó jọ pé òkè òkun ni wọ́n ti mú un wá bi ìyá rẹ̀ léèrè pé ìdí wo ni wọ́n fi ń bẹ bàbá yẹn, nígbà tí kò sí ẹni tó tì í. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, kò dá a lóhùn. Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ó kàn bá ọ mọ̀ ọ́n lára ni. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé èmi ni mo ṣubú níbẹ̀. Omi ò ṣubú.

Òjò tó rọ̀ lóru ti jẹ́ kí omi náà pọ̀, ó ń hó yàà. Atọ́nà wa ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó máa ń tín-ín-rín. Ọkùnrin kan tó dúró nítòsí ní agbára òjò ló ń wọ inú rẹ̀. Àgbàrá ló fẹ́ sọ, èyí tí kò sọ pé òun kò nílé wó, tó jẹ́ onílé ni kò gbà fún un. Mo fẹ́ tún un ṣe, mo wá wo bí omi náà ti ń lu àpáta, mo dákẹ́. Agbára náà wà níbẹ̀.

Ìpele kẹta la dé. Méje ni wọ́n. Mo ní láti sọ èyí kedere torí pé ìyàwó mi ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé "a gun ìpele méje", èyí tó jẹ́ irọ́ ní ọ̀nà méjì. Ìpele méje ni iye gbogbo rẹ̀, ìpele keje ni èyí tó wà lókè pátápátá, ìpele méjèèje sì ni kí a má fi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ti òkè bọ̀, tí ewé lẹ̀ mọ́ lórí, ní àwọn dé ìpele keje. Mo wo bàtà wọn, mo gbà wọ́n gbọ́.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà sí Iléṣà, ọmọ wa bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n. "Màmá àgbà, bàtà mi ti mu omi."

"Ó rin gbìndìngbìndìn ni," ni ìyàwó mi wí.

Ọmọ náà gbìyànjú ọ̀rọ̀ tuntun náà lẹ́nu. "Bàtà mi rìn."

"Tó bá rìn," ni ìyá àgbà dáhùn, "á jẹ́ pé òun nìkan ló dé ìpele keje nínú wa."