Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Ilé Àyẹ̀wò Oògùn

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ríṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń wò ó bóyá oògùn tuntun yóò wọ ara, àti bóyá yóò ṣe ẹni tó bá lò ó léṣe. Mo bá ọ yọ̀. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Mo ti bọ́ sẹ́ẹ̀lì, mo ti tọ́jú eku, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà wọlé dé tí àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ wa ti parí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Irú àgbọ́tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí. Aláìsàn tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí kò sì ní í mọ̀ ọ́ láéláé, ló máa gbé ohun tí o bá fọwọ́ sí mì. Jókòó, kí o gbọ́ mi.

1. Má ṣe fi ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́. Sẹ́ẹ̀lì inú abọ́, eku inú àgò, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Ibi tí ojú kálukú wọn dé ló lè sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 1957, wọ́n gbé oògùn oorun kan tó ń jẹ́ thalidomide jáde ní Jámánì. Wọ́n ti fún eku ní púpọ̀púpọ̀ rẹ̀, eku ò kú, ni wọ́n bá ń kéde pé kò léwu, aboyún sì ń lò ó kí èébì àárọ̀ lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa kó o kúrò lórí àtẹ ní ìparí ọdún 1961, nǹkan bí 10,000 ọmọ ló ti bà jẹ́ láti inú oyún káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni apá àti ẹsẹ̀ wọn kò pé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àjálù náà fo Amẹ́ríkà dá nítorí obìnrin kan, Frances Kelsey, tó ń yẹ ìwé oògùn wò fún ìjọba. Ó ní ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò tó òun, kò sì buwọ́ lù ú bí wọ́n ṣe yọ ọ́ lẹ́nu tó. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n dán an wò lára ehoro tó lóyún, ọmọ ehoro sì fi í hàn. Eku kò purọ́ o. Wọ́n bi í bóyá yóò kú, ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ oyún, wọn ò bi í. Bí wọ́n tilẹ̀ bi í, oògùn yìí kì í tètè ba oyún eku jẹ́ bíi ti ehoro.

2. Mọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì rẹ ti wá, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbà á gbọ́. Caco-2 ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà lé ọ lọ́wọ́. Láti ara jẹjẹrẹ ìfun ńlá ọkùnrin ẹni ọdún 72 kan ni wọ́n ti mú un jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí o bá tẹ́ ẹ sórí asẹ́ tín-ín-rín, tí o ń bọ́ ọ, tí o ń pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, tó bá fi máa pé ọjọ́ 21 yóò ti so mọ́ra wọn bí ògiri, yóò sì máa hùwà bí ìfun kékeré, níbi tí oògùn ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. O ó da oògùn sókè ògiri, o ó wọn èyí tó bọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti lanu, ajere lo gbé dání, kò sí ohun tí kò ní í jò kọjá. Ní ọdún kan, ọjọ́ 19 ni iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ kò ṣiṣẹ́, òtútù mú sẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀ mọ́, mo wo sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ maikirosikópù, ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo dúró di ọjọ́ 21, mo da oògùn mẹ́fà sí i. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọjá wẹ́rẹ́, àní èyí tí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í wọ ara. Inú mi dùn, mo gbé ìwé tọ ọ̀gá mi lọ. Wọn ò tilẹ̀ wo ìwé náà. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ṣé o ki irin bọ̀ ọ́ kí o tó da oògùn sí i?” Irin ẹlẹ́nu méjì kan wà tí a fi ń wọn bí ògiri náà ṣe ń dènà iná mànàmáná tó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, mi ò sì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ ààtàn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀kan nínú àkísà mi ni mo tú sílẹ̀ fún ọ yìí.

3. Wọn oògùn ní àlọ, kí o sì wọ̀n ọ́n ní àbọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Oògùn kan ń yọ́ gba inú ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì kọjá, òmíràn ń fún ara rẹ̀ gba àárín sẹ́ẹ̀lì méjì, òmíràn sì ní ẹni tó ń gbé e wọlé. Ẹ̀ṣọ́ kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń jẹ́ P-glycoprotein, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti àlejò padà síta. Bí ti àbọ̀ bá fi púpọ̀ ju ti àlọ lọ, fura sí ẹ̀ṣọ́ náà.

4. Má sọ òfin di òrìṣà. Ní ọdún 1997, Christopher Lipinski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Pfizer wo ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń gbé mì, wọ́n sì kọ ọ́ pé bí ìwọ̀n mólékù rẹ̀ bá ti ju 500 lọ, tó tún fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ kọjá ààlà kan, ó ṣeé ṣe kó má wọ ara dáadáa. Òfin tó wúlò ni, ó ti gba àkókò mi là lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n “ó ṣeé ṣe” ni wọ́n kọ, wọn ò kọ “dandan ni.” Wo lumefantrine. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 529, ó sì fẹ́ràn ọ̀rá débi pé ó rú òfin náà lọ́nà méjèèjì. Ọmọ tó bá ń fi òfin nìkan ṣiṣẹ́ ì bá ti sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ òun ló wà pẹ̀lú artemether nínú oògùn ibà tí à ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí ènìyàn bá lò ó lórí oúnjẹ tó lọ́ràá, lumefantrine tó wọ ẹ̀jẹ̀ lè tó ìlọ́po 16 ti ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Ìyá tó fi àkàrà gbígbóná sẹ́nu ọmọ rẹ̀ kó tó fọ́ oògùn náà sínú ṣíbí ti ṣe ohun tí asẹ́ Caco-2 rẹ kò lè ṣe, nítorí kò sí epo, kò sí òróòro nínú abọ́ rẹ.

5. Béèrè ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ níṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá kó fún un ló mọ̀. Gbé kẹ́míkà tí kò rí irú rẹ̀ rí síwájú rẹ̀, yóò dáhùn wàràwàrà, kò sì ní í sọ fún ọ pé àbá lòun ń dá. Ìdí nìyí tí àjọ OECD fi là á kalẹ̀ ní ọdún 2004 pé kí ẹni tó bá gbé irú àwòṣe kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wá sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Béèrè ààlà náà lórí kẹ́míkà, kí o tún béèrè rẹ̀ lórí ènìyàn, torí ìka ò dọ́gba. Jíìnì kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè tú efavirenz, oògùn HIV, wọ́pọ̀ láàárín àwa ọmọ Áfíríkà ju àwọn òyìnbó lọ. Oògùn náà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ, àlá burúkú á máa dà á láàmú. Oògùn ibà kan tún wà tí wọ́n lú dapsone mọ́. Ọdún 2008 ni wọ́n kó o nílẹ̀, torí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn jẹ́, irú wọn kò sì wọ́n láàárín wa. Láti ìgbà iṣẹ́ HapMap lórí jíìnì ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ni ẹ̀jẹ̀ 30 ìdílé Yorùbá láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ti wà nínú ìwé jíìnì tí gbogbo ayé ń ṣí wò. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò ṣí i ló mọ ohun tó ń sá fún.

6. Má gbójú kúrò lára ẹ̀dọ̀. Ohun tí a gbé mì nìkan kọ́ ló ń rìn kiri ara. Ẹ̀dọ̀ á tú u, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bruce Ames mọ èyí nígbà tó ń gbé àyẹ̀wò rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó da kẹ́míkà sára bakitéríà láti mọ̀ bóyá yóò ba jíìnì wọn jẹ́, ó sì po omi ẹ̀dọ̀ eku mọ́ ọn, nítorí kẹ́míkà wà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ di oró. Paracetamol tó wà nínú àpò gbogbo wa ńkọ́? Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di májèlé, ó sì ní ohun tó fi ń pa iná májèlé náà. Ẹni tó bá gbé àpọ̀jù mì, omi ìpaná á tán, ilé á jó. Terfenadine, oògùn ara yíyún, ẹ̀dọ̀ ń tètè tú u kó tó dé ọkàn. Àmọ́ bí ènìyàn bá lo oògùn kan tó ń jẹ́ ketoconazole mọ́ ọn, ọwọ́ ẹ̀dọ̀ á dí, oògùn á wọ ọkàn bó ṣe wà, ìlù ọkàn á dàrú. Àwọn kan kú. Wọ́n kó terfenadine nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1990, fexofenadine, tó rọ́pò rẹ̀, sì jẹ́ ohun tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ dà. Bí o bá yẹ oògùn wò tí o kò yẹ ohun tí ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ dà wò, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

7. Bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, lórí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà tí ara wọn le gba oògùn tí wọ́n pè ní TGN1412. Ìdá kan nínú 500 èyí tí kò ṣe ọ̀bọ ní nǹkan kan ni wọ́n fún wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ló wà láàárín ẹnì kan sí èkejì. Kò pé ọjọ́ kan tí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi wà láàárín ikú àti ìyè. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn pàdánù ìka ẹsẹ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì ọmọ-ogun kan inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ kò ní àmì tí oògùn náà ń dì mọ́ bíi ti ènìyàn. Ká ní wọ́n fún ẹnì kan, kí wọ́n dúró wò ó ná, ẹnì kan ni ìyà ì bá jẹ.

8. Má fi ẹ̀mí ẹranko ṣòfò. Russell àti Burch ti kọ ọ́ láti 1959 pé kí a wá nǹkan mìíràn rọ́pò wọn, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìrora wọn kù. Eku tí o pa fún ìbéèrè tí sẹ́ẹ̀lì lè dáhùn, o pa á lásán.

9. Wo ohun tó wà nínú ìgò. Ní ọdún 1937, diethylene glycol tí wọ́n fi po oògùn olómi pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìwé ti kọ ọ́ pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Síbẹ̀, ní 1990 ó pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos nínú paracetamol olómi, nígbà tó sì di ìparí 2008 wọ 2009, ó tún pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà nínú oògùn eyín. Kò sí àwòṣe tí a nílò kí a tó mọ̀. Ẹni tó yẹ kó ṣí àgbá tí wọ́n rà, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pò ó mọ́ oògùn, ni kò ṣí i. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí wọ́n bá gbé àgbá tuntun wọlé tí ìwé ara rẹ̀ ń sọ pé glycerine, tí a fi ń po oògùn olómi, ni, ìwọ bu díẹ̀ níbẹ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ.

10. Tẹ́tí sí ẹni tó ń lò ó. Ìyá mi lo chloroquine nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tó bá ti di òru, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn bí ẹni tí wèrèpè bà lára, wọ́n á máa fẹ̀yìn ra igi ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni kò lo oògùn náà parí nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ni irú yíyún náà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Eku wo ló máa ké sí ọ pé ara ń yún òun? Ẹnu aláìsàn la ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí oògùn rẹ bá dé ọwọ́ ènìyàn, lọ jókòó tì wọ́n, kí o kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyẹn ṣì di iwájú. Ní báyìí, dìde ńlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ ti pé ọjọ́ méjì, ó tó kí o pààrọ̀ omi wọn.