Ìlọ́po àti Ìpín Lórí Ọpọ́n Ayò

Iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé èdè Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ní ilé pàápàá, ní Olódò àti àwọn abúlé ìtòsí rẹ̀, ọpọ́n ayò ti tó ṣe ìwé. Ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Bí bàbá bá bi ọmọ pé, ‘Mélòó ló wà ní ìhà tìrẹ?’, mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà ni, èyí tí í ṣe 24. Ìlọ́po nìyẹn.

Ìpín ni ó gba àkíyèsí. Bí a bá ní kí ọmọ ‘pín 48 sí mẹ́rin’, òkìtì mẹ́rin ni yóò ṣe. Bí a bá ní kí ó ‘pín in ní mẹ́rin mẹ́rin’, òkìtì 12 ni. Èsì méjèèjì jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n iye ọmọ ayò inú òkìtì kan ni ti àkọ́kọ́, iye òkìtì ni ti èkejì. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì yóò da ọmọ lójú rú. Nítorí náà, a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun: àpètúnpè ti ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Kí àwa òǹkọ̀wé ìṣirò má ṣe pa á rẹ́.