Ìpele Tín-ín-rín tí ó ń sọ Oòrùn di Iná

Bí òjò bá dá ní Lágere, tí epo ọkọ̀ sì kán sórí omi tí ó dúró lójú títì, a máa ń rí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè lára rẹ̀. Epo náà ti tẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà láti ojú rẹ̀ pàdé èyí tí ó ta padà láti abẹ́ rẹ̀, àwọ̀ sì jáde.

Irú ìpele tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nílé-Ifẹ̀ wa níhìn-ín, ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n E. O. B. Ajayi wà nínú púpọ̀ nínú ìwé ìwádìí wọn.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Sílíkọ́ọ̀nù ni a fi ṣe púpọ̀ jù lọ nínú sólà tí ó wà lórí òrùlé wa. Ooru tí ó ju 1,400 °C lọ ni a fi ń yọ́ ọ, a sì ń gé e ní pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú 1,000 mìlímítà wọn ti tó láti gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn mu. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ifẹ̀. Wọn a lọ kẹ́míkà kan kúnná. Afẹ́fẹ́ a gbé e wọ inú ìléru tí ó gbóná tó nǹkan bí 400 °C. Kẹ́míkà náà a túká, ohun tí a ń fẹ́ nínú rẹ̀ a sì bo ojú gíláàsì. Ní 2011, wọ́n tẹ ìwé jáde lórí ìpele molybdenum sulphide tí wọ́n ṣe báyìí. Wọ́n ti ṣe ti tin oxide pẹ̀lú, èyí tí ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá bíi gíláàsì, tí ó sì tún ń gbé iná bí irin.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò. Ní CERD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí agbára tí ó wà nínú ọgbà kan náà, ẹ̀rọ Pelletron kan wà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1.7 MV. Irú ẹ̀rọ yìí a máa ta helium lu ìpele. Bí helium náà ti ń ta padà ni a fi ń mọ èròjà tí ó wà níbẹ̀ àti bí ó ti nípọn tó. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ihò bíńtín kan ṣoṣo lè jẹ́ kí òkè kan ìsàlẹ̀, kí iná sì jò dànù.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó ń béèrè ìdí tí epo fi ń yọ àwọ̀ lórí omi ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ rántí yàrá físíìsì wa nígbà àjọ̀dún yìí. Ọlọ́run ti fún wa ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí yóò sọ ọ́ di iná ni ó kù kí a tọ́.