Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Onídùúró Tí Kò Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ onídùúró kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá fẹ́ yáwó láti ra àwọ̀n tàbí láti tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, yóò mú onídùúró wá síwájú ìgbìmọ̀. Onídùúró náà yóò gbọ́ iye owó, yóò gbà, yóò sì fọwọ́ síwèé. Bí gbèsè bá wá pẹ́ nílẹ̀, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ẹ̀kọ́ wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan tí ń ta edé ní Molútẹ̀hìn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó yá ₦30,000 lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù. Kí owó náà tó wọlé, fóònù béèrè bóyá kí àwọn ayánilówó yìí rí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Owó ni ojú rẹ̀ wà, ó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni.” Ọjọ́ pé, kò rí owó san. Ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọ fóònù àbúrò rẹ̀ létí òkun: pé olè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé òun ni onídùúró rẹ̀, pé bí kò bá san án lónìí, àwọn yóò gbé fọ́tò òun náà kiri. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n náà níbi iṣẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ra àga lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ kó tó dé Igbókòdá lọ bi ẹni tó mọ òfin. Ó dà bí ẹni pé ó rọrùn kí ó fi owó edé san gbèsè tí kò jẹ.

Kí ó má san kọ́bọ̀. Kò gbọ́, kò gbà, kò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú ìjọba rí. Ní oṣù Kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù onígbèsè. Àwọn wọ̀nyí sọ pé àwọn kò sí níbi tí wọ́n ti yáwó, àwọn kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ lórí nọ́ńbà àwọn. Ní oṣù Kẹta 2022, FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, lọ tú ọ́fíìsì àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wò ní Ìkẹjà. Láti ọdún náà ni ó ti ń forúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ yáwó lè mọ èyí tó gba àṣẹ.

Òfin tó lágbára jù ni ti oṣù Kẹfà 2023, Nigeria Data Protection Act. Ó ní ẹni tó bá ń lo orúkọ, nọ́ńbà tàbí fọ́tò ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin mọ̀. Bí ó bá sọ pé onítọ̀hún gbà, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá. Dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Lójú tiwa, àṣẹ tí ẹ̀gbọ́n fún wọn lórí fóònù tirẹ̀ kò lè di àṣẹ àbúrò. Ìtanràn ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin yìí lè tó ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Àwọn àgbà inú wa mọ̀ nípa òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ìtìjú ibẹ̀ kò kéré. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí. Wọn kì í lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ẹni tó bá a kí lọ́jà.

Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà tó fi wá sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí FCCPC, tàbí sí NDPC, àjọ tí òfin 2023 dá sílẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà, ọmọ tó mọ fóònù lò lè bá yín fi í ránṣẹ́ láti ilé, láìwọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá ń halẹ̀ láti ba orúkọ jẹ́ kí wọ́n lè rówó gbà, ó ti di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lábẹ́ Cybercrimes Act 2015. Ẹ̀gbọ́n náà ṣì jẹ gbèsè rẹ̀ o. Òfin kò pa á rẹ́.

Ó ku apá kan tí àwọn akọ̀wé wa lè má fẹ́ gbọ́. Òfin 2023 kò yọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Nọ́ńbà, fọ́tò, NIN àti BVN tí ọmọ ẹgbẹ́ kó lé wa lọ́wọ́, fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ìgbìmọ̀ àti onídùúró ni ó yẹ kí á bá sọ̀rọ̀ gbèsè, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wà lórí WhatsApp àdúgbò. Akọ̀wé tó bá ti gbé fọ́tò onígbèsè síbẹ̀, kí ó yọ ọ́ lónìí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó sì sọ fún ẹgbẹ́ iye ènìyàn tí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.