Kì í Ṣe Ìfaradà, Àyè Ni

Atọ́kùn ètò kan lórí rédíò gba àlejò tó mọ ìtọ́jú ẹja inú gíláàsì bí ẹni mowó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹja áńgẹ́lì, atọ́kùn bèèrè ìdí tí ẹja tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ fi máa ń lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, tí á máa gé lẹbẹ rẹ̀ jẹ. Àlejò dáhùn pé: "Ẹja yìí kò ní ìfaradà rárá. Ẹ fún un ní ààyè tó pọ̀." Ẹni tó ń sin ẹja yóò rí ìmọ̀ràn gidi mú níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn èdè Yorùbá yóò kọminú, nítorí gbólóhùn méjì péré ni, ọ̀rọ̀ méjì sì ṣìnà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú èyí tó kéré. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "àyè" àti "ààyè" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà àmì ohùn kò lè yà wọ́n. Gígùn fáwẹ̀lì iwájú nìkan ló dá wọn sí méjì. Ẹni tó ní òun ń wá ẹja ààyè lọ sọ́jà, ẹja tó ṣì ń mí ló ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ibi tí fáwẹ̀lì ti ń jẹ ara wọn. "Mi ò ráyè" là ń sọ, a kì í sọ pé "mi ò ráàyè". "Bàbá mi wà láàyè" là ń sọ, a kì í gé e kúrú sí "láyè". Ẹnu ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà kì í ṣi èyí sọ.

Síbẹ̀, ẹjọ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣọ́ èdè. "Gbà mí láyè" àti "gbà mí láàyè" ti jọ wà lẹ́nu àwọn àgbà tí a kò lè sọ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Nínú "ìgbàláàyè", gígùn yẹn ti jókòó pa. Kọ̀ńdọ́ ń ké pé kò sí ààyè nínú ọkọ̀ mọ́, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, oníwàásù ń sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo gbà pé "ààyè" ti borí. Ohun tí mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má jẹ̀ẹ́ kí ó wọ inú "ráyè" àti "ìfàyègbà", nítorí ibẹ̀ ni "àyè" ti ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ mìíràn kò lè bá a ṣe.

"Ìfàyègbà" yìí gan-an ló yẹ kó wà lẹ́nu àlejò rédíò dípò "ìfaradà". Ẹni tó fara da nǹkan fi ara rẹ̀ dà á: òùngbẹ, ìrora, ẹ̀gàn, oògùn kíkorò. Ẹni tó fi àyè gba ènìyàn kò fi ara gba nǹkan kan. Ó ní ibi tó ṣófo, ibẹ̀ ló sì fi gba ẹni tó dé. Ara ni ìfaradà ń ná, àyè ni ìfàyègbà ń ná. Ẹni tí kò ní ibi tó ṣófo kò ní ohun tí yóò fi gbàlejò, bí ọkàn rẹ̀ ti wù kó dára tó.

Bí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé ẹja yìí lórí, a ó rí i pé a ti purọ́ mọ́ ọn. Ẹja áńgẹ́lì ní ìfaradà. Odò àgbègbè Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, níbi tí omi ti rọ̀ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn tí a bí sínú gíláàsì ń gbé inú omi tó le ju ti Amazon lọ dáadáa, irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dàgbà níbẹ̀ bí ooru omi bá ti wà láàrin 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ta ni yóò rí èyí tí yóò ní kò ní ìfaradà?

Àyè ni kò ní. Ìdílé kan náà ni òun àti epìyà tí à ń jẹ ti wá, ẹni tó bá sì mọ epìyà mọ̀ pé akọ rẹ̀ kì í fi ìtẹ́ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹja áńgẹ́lì ṣì kéré, wọ́n ń wẹ̀ pọ̀ láìjà. Bí wọ́n bá dàgbà tí akọ àti abo bá ti yan ara wọn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Wọn á wá ewé fẹ̀ǹfẹ̀ tàbí òkúta pẹlẹbẹ tó nàró, wọn á fi ẹnu fọ ojú rẹ̀ mọ́, wọn á yé ẹyin sí i lára ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọn á sì dúró tì í. Láàrin ọjọ́ 2 sí 3 tí ẹyin yóò fi pa, ẹja tó bá sún mọ́ tòsí yóò jìyà. Òbí tó ń ṣọ́ ọmọ nìyẹn. Kí ni a fẹ́ kó fara dà?

Ẹni tó bá fi ẹja 3 sínú táǹkì kan ti dá ìjà sílẹ̀ kí ẹja tó dá a. Méjì yóò yan ara wọn, ẹ̀kẹta yóò sì di aláìnílé ní igun òkè. Tọkọtaya kan lè gbé táǹkì lítà 80 bó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ni. Bí a bá fẹ́ sin ẹja 6 pa pọ̀ láti kékeré, táǹkì tó ju lítà 200 lọ ló tọ́. Gíga rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí ẹja tí gígùn ara rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 yìí, bí a bá wọn lẹbẹ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, gíga rẹ̀ ju 20 lọ. Táǹkì tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 ń tẹ̀ ẹ́ lórí.

Síbẹ̀, lítà kọ́ ni àyè. "Àyè tó pọ̀" tí àlejò wí kò tíì parí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Nínú òwe yìí, ìfarakanra ni òṣùwọ̀n: bí ara kò bá ti kan ara, àyè wà. Ẹja áńgẹ́lì kì í fi ara wọn àyè, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ti ń rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti etí táǹkì kan dé èkejì, gbogbo omi tó wà láàrin wọn ti di ti ẹni tó lágbára. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gbin ewéko gíga sínú táǹkì, tí wọ́n ń ri igi mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń gbé òkúta nàró, kí ojú má baà kan ojú. Táǹkì kan náà, omi kan náà, àyè pọ̀ sí i láìfi lítà kan kún un.

Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹja tuntun wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ tún igi àti òkúta tò. Ẹni tó ti ń pe igun kan ní tirẹ̀ kò ní mọ ibẹ̀ mọ́, òun àti àlejò á sì jọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. "Kí olúkúlùkù mọ àyè ara rẹ̀" là ń wí fún ọmọ tó ń ṣe àṣejù. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àyè ti di ipò, kì í ṣe fífẹ̀ mọ́, òun náà sì ni ẹja yìí ń jà lé lórí. Bí tọkọtaya bá ti yé ẹyin, tí wọn kò jẹ́ kí àwọn yòókù jẹun, ẹ yọ wọ́n sí táǹkì tiwọn. Kò sí oògùn mìíràn.

Àṣìṣe àlejò yìí kò mọ lórí ẹja. Mo ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń rọ̀ wá pé kí a ní "ìfaradà" fún ẹlẹ́sìn mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti sọ aládùúgbò di àìsàn tí à ń mú mọ́ra. Ìfàyègbà ẹ̀sìn ni Yorùbá tó dá ṣáká, nítorí ó ń bi wá ní ibi tí a fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti gbé, láti sìn, láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin atọ́kùn àti ẹ̀yin oníwàásù, bí "ààyè" bá dùn lẹ́nu yín, ẹ máa sọ ọ́, mo ti yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfaradà rọ́pò ìfàyègbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja áńgẹ́lì, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ má wá sùúrù lọ́wọ́ ẹja. Ẹ̀yin ni ẹ yan táǹkì, ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ kó sínú rẹ̀, ẹ̀yin náà ni kí ẹ wá àyè fún un.