Bí Síkáànù Bá Rí Nǹkan Ní Ilé Ẹyin Rẹ

Ọmọ mi, wọ́n ní láti ọjọ́ tí o ti gba èsì síkáànù rẹ ni o kò ti rí oorun sùn mọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo sì pẹ́ sí jù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé láàárín síkáànù àkọ́kọ́ àti ìkejì ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń wọ́. Ẹlòmíràn á fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kò ní padà lọ. Ẹlòmíràn á sáré lọ bá ẹni tó bá kọ́kọ́ ní òun lè yọ nǹkan tí wọ́n rí. Àárín méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

1. Gba ìwé èsì náà sọ́wọ́ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, kí o sì kà á fúnra rẹ. Wo ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan náà wà, wo ìwọ̀n rẹ̀, wo bóyá omi nìkan ló wà nínú rẹ̀ tàbí nǹkan líle wà níbẹ̀, bóyá ògiri pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ inú nǹkan líle náà, àti bóyá omi gbára jọ sínú ikùn. Bí wọ́n bá kọ simple cyst, ìyẹn sísìtì (àpò omi), omi lásán ni wọ́n rí. Bí ó bá jẹ́ complex ni wọ́n kọ, má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú sísìtì lè mú kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ sì wà nínú agbo ilé kan náà. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń kọ O-RADS pẹ̀lú nọ́ńbà láti 0 dé 5. Bí ó bá jẹ́ 0, àwòrán náà kò pé, kí wọ́n tún un ya. Bí ó bá jẹ́ 2, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní irú rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ jẹjẹrẹ kò pé ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ 5, ó kéré tán, ìdajì wọn ni yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ fi èyí sí?”

2. Mọ̀ pé ilé ẹyin kì í dúró sójú kan. Lóṣooṣù ni àpò omi kékeré kan ń dàgbà nínú rẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó tó bẹ́, kí ẹyin jáde. Lóṣù mìíràn kò ní bẹ́. Lóṣù mìíràn á bẹ́ tán, á tún padé, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ á sì kún inú rẹ̀. Èyí ni síkáànù ń rí lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin, púpọ̀ nínú wọn á sì ti lọ fúnra wọn láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sọ pé kí o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Má rò pé ó fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ rẹ. Ìlànà tí Royal College of Obstetricians and Gynaecologists ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2011, fún àwọn tó ṣì ń rí nǹkan oṣù wọn, sọ pé sísìtì olómi lásán tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 5 kì í sábà nílò àtúnyẹ̀wò rárá. Èyí tó wà láàárín 5 sí 7, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Tó bá ju 7 lọ, kí wọ́n ya MRI tàbí kí wọ́n ronú nípa iṣẹ́ abẹ.

3. Kọ ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sílẹ̀, kí o sì sọ fún ẹnìkan tí yóò rán ọ létí. Gẹ́rẹ́ tí nǹkan oṣù bá parí ló dára jù láti ya á. Bí orí ikùn ni wọ́n máa gbà yà á, mu omi dáadáa kí àpò ìtọ̀ rẹ kún. Bí ojú ara ni, tọ̀ kí o tó wọlé. Bí o kò bá tíì mọ ọkùnrin, sọ ọ́ láìtijú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n lè gbà. Mú ìwé àkọ́kọ́ dání, nítorí láìsí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá nǹkan náà tóbi sí i tàbí ó ń súnkì?

4. Àwọn tó ń ta agbo á ní àwọn máa yọ́ sísìtì náà. Jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rí wọn ṣe ń wáyé fún ọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní sísìtì olómi, ó mu agbo fún oṣù méjì, ó tún síkáànù ya, kò sí nǹkan mọ́. Ó wá ń ròyìn agbo káàkiri àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ká ní omi tutù ló ń mu fún oṣù méjì ọ̀hún, sísìtì yẹn ì bá ṣì lọ. Ẹlòmíràn tí nǹkan líle wà nínú tirẹ̀ á gbọ́ ìròyìn yìí, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mu agbo, oṣù á máa gorí oṣù. Ẹni yẹn ni àyà mi ń já sí. Gbàdúrà, gbààwẹ̀ bí o bá fẹ́, èmi náà ń gbàdúrà fún ọ. Kí ọjọ́ tí dókítà dá ṣáà má yẹ̀.

5. Bí wọ́n bá pè é ní dermoid, tí wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n sì rí irun, ọ̀rá tàbí eyín nínú rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ayé ló fi ránṣẹ́ sí ọ, tàbí pé o jẹun lójú oorun. Inú ilé ẹyin ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè di ẹ̀yà ara èyíkéyìí wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà láìsí oyún, awọ, irun àti eyín ló sábà ń hù. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwà obìnrin, bóyá ó ti mọ ọkùnrin tàbí kò tíì mọ̀ ọ́n. Lára àwọn ọ̀dọ́ ló wọ́pọ̀ sí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó di jẹjẹrẹ. Mo ti rí ìyá ọkọ tó lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde nílé nítorí irun àti eyín yìí, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ.

6. Bí ìrora ńlá bá dédé mú ọ ní ẹ̀gbẹ́ ikùn kan, tí o ń bì, má dúró de ọjọ́ àtúnyẹ̀wò. Ilé ẹyin tí nǹkan wúwo wà lára rẹ̀ lè lọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má lè dé ibẹ̀ mọ́. Lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà.

7. Má ṣe dá lọ sí láàbù lọ ra àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin, láti fi dẹ́rù ba ara rẹ. Wọ́n á ní kò yẹ kó ju 35 lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù lè gbé e sókè, oyún, ìju, endometriosis, àrùn ẹ̀dọ̀, àti ikọ́ ife tó wọ inú ikùn, gbogbo wọn lè gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í gbé e sókè rárá. Bí o kò bá tíì pé ogójì ọdún, tí síkáànù sì rí nǹkan líle, béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AFP, hCG àti LDH, torí oríṣi jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà.

8. Má fi èsì tìrẹ ṣe òṣùwọ̀n fún ìyá rẹ. Lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ẹyin kò jáde mọ́, nítorí náà a kò lè sọ pé ìyípadà oṣooṣù ló fà á. Àwọn dókítà ní ìṣirò kan: wọ́n á fún ohun tí síkáànù rí ní máàkì, wọ́n á fi 1 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, tàbí 3 fún ẹni tí tirẹ̀ ti dúró, wọ́n á tún fi CA-125 sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní CA-125 ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ 80, tí máàkì síkáànù sì jẹ́ 1, tìrẹ á jẹ́ 80, ti ìyá rẹ á jẹ́ 240. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí iye tirẹ̀ bá ga máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ. Tí màmá bá ní inú òun ń wú, mú wọn lọ kíákíá.

9. Béèrè ìtàn ilé. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n á ní inú rírun ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá, wọ́n á ní ọgbẹ́ ọmú ló pa àǹtí bàbá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Fọgbọ́n bi àwọn àgbà léèrè, ní ìhà ìyá àti ní ìhà bàbá, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá náà lèèyàn ti lè jogún àléébù apilẹ̀ àbùdá BRCA1 tàbí BRCA2. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, ẹyọ kan lé díẹ̀ ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin ń mú láyé wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jogún BRCA1, nǹkan bí ogójì ni. Angelina Jolie, òṣèré Amẹ́ríkà tí ìyá rẹ̀ ní àrùn náà, ní kí wọ́n yọ ilé ẹyin òun ní 2015 nítorí BRCA1 tó jogún. N kò ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní kí o ṣe ni pé kí dókítà rẹ gbọ́ ìtàn yẹn.

10. Bí ọ̀rọ̀ bá di iṣẹ́ abẹ, béèrè bóyá sísìtì nìkan ni wọ́n máa yọ tàbí ilé ẹyin lódindi. Ẹyọ ilé ẹyin kan tó láti fi lóyún. Bí wọ́n bá ń fura sí jẹjẹrẹ, má gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún un láti fa omi rẹ̀, nítorí bí ohun inú rẹ̀ bá dà sínú ikùn, àrùn tí ì bá wà lójú kan lè tàn. Gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó. Ohun tí wọ́n bá yọ gbọ́dọ̀ dé láàbù. Bí wọ́n bá gbé e lé àwọn ará ilé rẹ lọ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an nínú formalin, kí wọ́n sì padà lọ gba èsì rẹ̀. Obìnrin tí ara rẹ̀ ti yá máa ń gbàgbé ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló lè sọ ohun tí wọ́n yọ gan-an.

11. Bí síkáànù ìkejì bá sì ní kò sí nǹkan mọ́, dúpẹ́, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ bá ń wú lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù kan, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó ọ, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́ léraléra, tí ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dùn ọ́, padà lọ, kí o sì mú ìwé méjèèjì dání.