Ta ni “a” inú “a kì í”?

Bí ìjọba bá ní kí wọ́n má ta nǹkan mọ́, ohun tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn akàròyìn ni pé ìjọba ti “gbẹ́sẹ̀ lé” e. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n má gbé e wọ̀lú, wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ lé e. Bó sì jẹ́ lílò ni wọ́n ní kí wọ́n má lò ó, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé lé e. Ohun tó ti wà níbi tí ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́ ni Yorùbá ń gbẹ́sẹ̀ lé: ilé onígbèsè, mọ́tò tí aṣọ́bodè dá dúró, owó tó wà ní báńkì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà, òfin ni à ń fi dè é.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìpara kan wò ó. Àwọn tí oòrùn tètè máa ń jó ní ìpara tí wọ́n ń fi gba ara wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá wọ inú òkun, omi á ṣàn án kúrò lára wọn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé oxybenzone, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀, ń ṣe ọmọ iyùn lọ́ṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọṣẹ́ náà ti tó nínú òkun gidi, torí omi tó ń gbóná sí i ló ń pa iyùn jù. (Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn náà ni. Ohun abẹ̀mí inú òkun ló ń kọ́ ọ bí ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èyí tí àwọn ọba wa ń so sọ́rùn yàtọ̀ sí èyí tó ń di òkìtì lábẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́.)

Ẹ wo ibi mẹ́ta tó ṣòfin lórí ìpara tó ní irú kẹ́míkà yìí, òfin wọn kò rí bákan náà. Lọ́dún 2018 ni gómìnà Hawaii fọwọ́ sí tiwọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Títà ni òfin náà dè. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá láti ilé lè para títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kọ ọ́ pé Hawaii fòfin de títà rẹ̀. Palau ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbé irú ìgbésẹ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, òfin wọn sì fún àwọn aṣojú ìjọba láṣẹ láti gba ìpara náà lọ́wọ́ àlejò tó bá gbé e dé. Níbẹ̀ ni “gbẹ́sẹ̀ lé” ti bá a mu. Thailand ní tiwọn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, kò bá ọjà jà rárá: ibi ìtọ́jú ẹ̀dá inú òkun tó jẹ́ ti ìjọba ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e wọ̀, kí wọ́n má sì lò ó níbẹ̀. Èyí ló sún mọ́ ohun tí àwọn baba wa ń pè ní èèwọ̀, torí ilẹ̀ ló di èèwọ̀ náà mú.

Kò sí òkun ní Ìṣẹ́ Èkìtì tiwa. Odò Ògbèsè ló wà lágbègbè wa, ìpara kọ́ sì ni wàhálà rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ Gamalin 20 dáadáa. Lindane ni ohun tó wà nínú rẹ̀, kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ṣùgbọ́n káàkiri ilẹ̀ wa làwọn kan ti rí i pé ohun tó ń pa kòkòrò ń pa ẹja náà, ni wọ́n bá ń dà á sódò. Àtẹja ńlá, àtọmọ ẹja, gbogbo wọn á léfòó. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja inú odò, ti ọdún 1992, ti de fífi májèlé pẹja. Lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm kọ orúkọ lindane mọ́ àwọn ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Etí mi kì í gba kí wọ́n sọ pé ẹnì kan “fi oògùn dẹdò”. Ẹni tó na àwọ̀n, tó ju ìwọ̀ tàbí tó dẹ ìgèrè, ìyẹn dẹdò. Ẹni tó da Gamalin sómi pa odò ni. Ìgbà tó wà lórí igi kòkó ni ẹ lè máa pè é ní oògùn. Bó bá ti bọ́ sómi, májèlé ni.

Ẹ wá wo bí òfin ti ń sọ̀rọ̀. “Ẹ kò gbọdọ̀ da ìdọ̀tí síbí.” Ẹni tó kọ ọ́ kò sí nínú gbólóhùn yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ló ń bá wí. Èèwọ̀ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. “A kì í” ló fi ń bẹ̀rẹ̀: a kì í fọṣọ níbi tí à ń pọnmi, a kì í pẹja odò yìí. Ẹni tó ń sọ ọ́ wà nínú “a” ọ̀hún, òun àti baba rẹ̀ àti ọmọ tí wọn kò tíì bí. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣe ìlú ló ń ròyìn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe òdìkejì á rí i pé òun ti yọ ara òun kúrò láàárín “a”.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń bá rìn náà yàtọ̀. Òfin là ń rú, ìdí nìyẹn tí arúfin fi wà. Èèwọ̀, jíjẹ là ń jẹ ẹ́. Arúfin lè sá fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n inú ẹni tó jẹ èèwọ̀ ni èèwọ̀ wà. Ẹ fi èyí wo ẹja tí wọ́n fi Gamalin pa, tó dé orí àtẹ, tó dé inú ìkòkò.

“A kì í” náà ní àbùkù tirẹ̀ o. Òun náà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé a kì í ṣiṣẹ́ ọba ká làágùn. “Ọba” tó wà nínú gbólóhùn yẹn kì í ṣe Arínjálẹ̀, ọba Ìṣẹ́. Ìjọba ni, bó ti rí nínú ọ̀nà ọba, owó ọba àti igbó ọba. Igbó ọba Ìṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní rìsáfù, ti jìyà orúkọ yìí. Agégedú wọ ibẹ̀, olóko wọ ibẹ̀, ọdẹ wọ ibẹ̀, bí ẹ bá sì bi wọ́n, wọ́n á ní ti ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀, bí olóko bá so àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ ẹ̀ka igi lásán, ààlè nìyẹn, ẹni tó ń kọjá kò ní fọwọ́ kàn án, torí ó mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín.

Nínú igbó yẹn ni àwọn ìnàkí tó ṣẹ́ kù sí Èkìtì wà. Iṣẹ́ tí Rachel Ashegbofe Ikemeh ń ṣe láti dáàbò bo ìnàkí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ti Ìṣẹ́ wà lára wọn, ló jẹ́ kí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Whitley lọ́dún 2020. Àwọn akàròyìn kan ń pe ẹranko yìí ní ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní ìrù. Ìnàkí kò ní. Ọdẹ tí wọ́n bá kìlọ̀ fún pé kó má pa ọ̀bọ lè yìnbọn fún ìnàkí láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì pè é ní elégbèdè. Kò sí elégbèdè nínú igbó Èkìtì.